Àwa ará òkè tó ń lọ sí etí òkun: bí a ṣe ń yan bíìṣì láti Èkìtì

Tí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, ìjà kan wà tí a máa ń jà nínú yàrá olùkọ́ níbi iṣẹ́ mi l'Ádó-Èkìtì. Ibo la máa lọ ṣe fàájì òpin ọdún? Àwọn kan á ní Ìkógòsì. Àwọn tó kù á pariwo pé omi gbígbóná àti omi tútù tó ń pàdé ara wọn yẹn, àwọn ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, òkun làwọn fẹ́ rí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, orí mi sì ni wọ́n máa ń di ẹrù náà lé. Mo ti yan bíìṣì tó dùn débi pé a ò fẹ́ padà wálé. Mo sì ti yan èyí tó jẹ́ pé títí dòní, bí mo bá wọ yàrá olùkọ́, ìyá kan wà tó máa ń kí mi pé, "Akọ̀wé, ẹ kú ewu òkun o."

Ohun tí mo fi ìtìjú kọ́ nìyí: ẹ má fi fọ́tò yan bíìṣì. Fọ́tò á fi igi àgbọn, àga àti ojú ọ̀run hàn yín, kò ní fi bí omi ṣe ń gun ilẹ̀ hàn yín. Bẹ́ẹ̀, bí omi àti ilẹ̀ ṣe ń pàdé níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Òun ló máa sọ bóyá ọmọ ọdún méje lè fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, tàbí bóyá àgbàlagbà pàápàá á kàn jókòó máa wò ó lókèèrè.

Ẹ kọ́kọ́ ka orí àwọn tó ń lọ

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ibì kankan, ẹ mú bírò. Ọmọdé mélòó ni kò tíì pé ọdún mẹ́wàá? Àgbàlagbà mélòó ló mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ lóòótọ́? Mo ní lóòótọ́, nítorí pé ẹni tó ti wẹ odò abúlé rí lọ́jọ́ kan máa ń na ọwọ́ sókè pẹ̀lú. Odò ń lọ sápá kan, èèyàn sì lè di koríko etí rẹ̀ mú. Òkun ń ti èèyàn wá, ó tún ń fà á padà. Ta ló ń bẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi? Orúnkún ta ni kò dára? Iyanrìn gbígbẹ ń rẹ ẹsẹ̀ ju òkè lọ, ẹ bi àwọn màmá wa.

Bí ìdajì yín bá jẹ́ ọmọdé, tí kò sì sí ju ẹnì kan tàbí méjì lọ tó lè lúwẹ̀ẹ́, ẹ má tan ara yín. Ẹ lọ sí ibi tí omi rẹ̀ ní ààbò, tàbí kí ẹ gba Ìpólé-Ìlórò lọ wo ìṣàn omi Àríǹta, kí òkun dúró de àwọn àgbà.

Etí òkun ò rí bákan náà

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo pín in sí fún ara mi.

Èkíní ni ibi tí òkúta tàbí ilẹ̀ ti gba ìgbì dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Tarkwa Bay l'Ékòó ni àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa jù. Ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ èbúté Èkó ló wà. Àwọn òyìnbó ìjọba amúnisìn kó òkúta jọ síbẹ̀ bí ògiri gígùn, ògiri yẹn ló ń gba ìyà ìgbì, tí omi inú lọ́hùn-ún fi máa ń rọ̀ ju ti ìta lọ. Ibẹ̀ ni mo máa ń mú àwọn ọmọdé lọ. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, kí ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ tí kò bá wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú kéèyàn léfòó, tí okùn rẹ̀ pé, tó sì bá ara rẹ̀ mu. Ti àgbàlagbà lọ́rùn ọmọdé kò wúlò: bí omi bá gbé e, ẹ̀wù á gòkè, ọmọ á yọ́ lọ sísàlẹ̀.

Èkejì ni etí òkun gbalasa: Ẹlẹ́gùṣì, Oníru, Ẹlẹ́kọ, títí dé apá Àgbádárìgì. Ìwọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní bíìṣì. Wọ́n lẹ́wà, afẹ́fẹ́ wọn dára, orin wà, súyà wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró síbẹ̀ tí ẹ kọjú sí gúúsù gan-an, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilẹ̀ kankan níwájú yín títí dé ilẹ̀ yìnyín Antarctica. Ìgbì tó bá ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kì í wá ṣeré. Etí omi wọn sábà máa ń dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ìgbì á sì gbéra sókè, á já lulẹ̀ gbì lórí ẹsẹ̀ yín níbẹ̀ gan-an. Fún ojú, etí àti ẹnu, wọ́n dára púpọ̀. Fún lílúwẹ̀ẹ́, èmi ò gbà.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ará Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, òkun tó súnmọ́ Èkìtì jù lọ. (Ẹ ó gba Òkìtìpupa kọjá. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé kí ará òkìtì tó dé òkun, òkìtì mìíràn á tún dúró dè é lọ́nà.) Iyanrìn wà ní Àràròmi, àmọ́ bí etí òkun yẹn bá ti ń lọ sápá ìlà-oòrùn, ẹrẹ̀ ló ń dà. Àyétòrò wà níbẹ̀, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀dó lọ́dún 1947, tí òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ mì. Bí ẹ bá lọ sí Ìlàjẹ, ẹ lọ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń bá omi gbé, kí ẹ jẹ ẹja tútù. Ẹ má lọ tìtorí àtitẹ́ aṣọ sórí iyanrìn funfun, kí ẹ wá máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ tó ń mu yín dé kókósẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni etí òkun olókùúta, èyí tí àwa ọmọ Èkìtì máa ń béèrè jù, nítorí pé àárín àpáta la dàgbà sí. Mi ò mọ ibì kankan ní Nàìjíríà tí àpáta gidi ti pàdé òkun bẹ́ẹ̀. Iyanrìn, ẹrẹ̀ àti igbó ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú omi oníyọ̀, ló pọ̀ ní tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó múra Gánà. Láti Cape Coast lọ sí Elmina, níbi tí àwọn Potogí ti kọ́ odi wọn lọ́dún 1482, títí lọ sí apá Busua lẹ́yìn Takoradi, àpáta àti iyanrìn ń gba ara wọn láyè. Ní Kamẹrúùnù, iyanrìn Limbe dúdú, nítorí pé ara òkúta tí òkè oníná tó wà lẹ́yìn ìlú náà pọ̀ jáde ló ti wá. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti àpáta yìí, torí pé ibẹ̀ ni ìgboyà wa ti lè pa wá. Ẹni tó ti gun Ọlọ́sùnta ní Ìkẹ́rẹ́ máa ń rò pé àpáta ò ní ohun tuntun tó fẹ́ fi han òun. Àpáta Ìkẹ́rẹ́ gbẹ. Ti òkun ní ewé omi aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ilá. Ẹ wo ara òkúta kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: ibi tó bá dúdú tó sì tutù, ìgbì ń dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò tíì rí èyí tó débẹ̀ láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tó gbẹ tó sì funfun fún iyọ̀, tàbí ibi tí koríko ti ń hù, ni kí ẹ dúró sí. Ẹ má kẹ́yìn sí òkun nítorí fọ́tò. Láàárín apá àpáta méjì tó yọrí sínú omi, iyanrìn kékeré kan sábà máa ń wà tó dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó máa ń dákẹ́, ó sì máa ń wu èèyàn. Kí ẹ tó wọ ibẹ̀, ẹ wá ọ̀nà kejì tí ẹ lè gbà jáde. Bí ẹsẹ̀ àpáta nìkan ni ọ̀nà, omi tó bá kún á ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Ọ̀nà àti aago

Láti Adó dé Èkó lé ní 300 kìlómítà. Bí ẹ bá gba Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ lè yà sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹ sì bọ́ sí ọ̀nà Lẹ́kí láìwọ àárín ìlú Èkó rárá. Nítorí náà, Ẹlẹ́kọ àti àwọn tó wà ní agbègbè Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ló rọrùn jù fún ará Èkìtì. Ẹni tó bá yan Àgbádárìgì gbọ́dọ̀ la gbogbo Èkó já, àti lílọ àti bíbọ̀.

Ibẹ̀ ni "ẹ kú ewu òkun" ti wá. Lọ́dún yẹn, mo ní kí a lọ kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà, kí owó ilé ìtura má baà jẹ wá. A ti sanwó fún bọ́ọ̀sì kan tí yóò gbéra ní aago márùn-ún ìdájí. Aago mẹ́jọ kọjá kó tó dé, awakọ̀ sì sọ pé táyà ni. Nígbà tí a fi máa tẹ iyanrìn, ó ti lé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, omi ti ń kún, kánópì tí wọ́n fún wa sì wà níbi tó rẹlẹ̀ jù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìdérí kúlà oúnjẹ ni ìgbì kan sáré wọlé lábẹ́ tábìlì. Bàtà méje bá a lọ. Ìyá tí mo wí yẹn ń wo ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan tó ń léfòó lọ, ó sì di èkejì mú lọ́wọ́ bí ẹni di ẹ̀rí mú. Inú bọ́ọ̀sì la sùn mọ́jú, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lóru.

Láti ìgbà yẹn, òfin mi ni pé ká sùn síbẹ̀. Ẹ dé lọ́jọ́ kan, kí ẹ sùn sí Ẹ̀pẹ́ tàbí ilé ẹbí, kí ẹ lọ sí òkun láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìgbà tí omi máa ń gbọ́ràn

Àwa tí a ń gbé lórí òkè, bí òjò ò bá tíì rọ̀, a gbà pé odò ò ní kún. Òkun ò mọ ìyẹn. Ìjì tó jà ní apá gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni l'Ékòó ò gbúròó rẹ̀, ló máa ń ti ìgbì ńlá wá bá wa lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn kedere. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá ni ìgbì máa ń le jù, àwọn ará etíkun sì mọ oṣù kẹjọ dáadáa, nígbà tí òkun sábà máa ń ya wọ ojú títì. Ìgbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, ló máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Ó ṣe wẹ́kú pé ìgbà náà ni fàájì òpin ọdún bọ́ sí, àfi pé ìgbà náà ni èrò máa ń pọ̀ jù. Bí ẹ bá lè lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ lọ.

Omi á kún, á tún fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Láti ìgbà tó kún tán dé ìgbà tó fà tán jẹ́ bíi wákàtí mẹ́fà, ó sì máa ń sún síwájú ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ìyàtọ̀ gíga rẹ̀ l'Ékòó ò ju bíi mítà kan lọ. Mítà kan dàbí ẹni pé kò tó nǹkan, àfi lójú ẹni tó gbé tábìlì sí ibi tó rẹlẹ̀. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá kún rẹ́rẹ́, omi máa ń kún jù, ó sì máa ń fà jù. Ẹ lè rí aago rẹ̀ lórí fóònù yín; mo máa ń ṣètò kí a dé nígbà tí omi bá ń fà, kí a sì kúrò kó tó kún padà.

Ẹ pè kí ẹ tó lọ

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bar Beach tí àwọn òbí wa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òkun jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ògiri òkúta ẹnu èbúté yẹn náà ló dí iyanrìn tó ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn lọ́wọ́. Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi iyanrìn dí òkun kọ́, ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Omi ti jẹ púpọ̀ nínú Alpha Beach. Lọ́dún 2024, ọ̀nà títì tí wọ́n ń là láti Èkó lọ sí Calabar gba orí bíìṣì Landmark, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé "mo lọ síbẹ̀ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn" kò tíì sọ nǹkan kan.

Bí ẹ bá pè, ẹ má kàn béèrè pé "èló ni?" Ẹ bi wọ́n báyìí: Ṣé ibẹ̀ ṣí lọ́sẹ̀ yìí? Ṣé owó àbáwọlé ti ní àga àti kánópì nínú, àbí ọ̀tọ̀ ni? Ṣé a lè gbé oúnjẹ tiwa wọlé? Àwọn tó ń ṣọ́ omi mélòó ló wà níbẹ̀, láti aago mélòó? Ibo ni bọ́ọ̀sì máa dúró sí, ta ló sì ń gba owó rẹ̀? Ìbéèrè àwọn tó ń ṣọ́ omi ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rín dáhùn, mo ti kọjá lọ. Ti àwọn ọmọ àdúgbò tó máa béèrè owó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ti ẹlẹ́ṣin àti onífọ́tò, ẹ ná an kó tó gbé ọmọ yín gun ẹṣin.

Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Bí ẹ bá débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tíì fẹsẹ̀ kan omi. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Èmi a máa ṣe nǹkan mẹ́ta.

Mo kọ́kọ́ bu iyanrìn etí omi. Bó bá kúnná bí ẹ̀lùbọ́, tó sì le lábẹ́ ẹsẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sábà máa ń tẹ́jú, ìgbì á ti fọ́ lókèèrè kó tó dé. Bó bá ṣe wóró-wóró bí gàrí, tí ẹsẹ̀ ń rì, ẹ wò ó dáadáa: etí omi á máa dà gẹ̀rẹ́, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré sì lè gbé yín láti kókósẹ̀ dé àyà.

Lẹ́yìn náà, mo wá èèpo àgbọn kan, mo jù ú sínú omi, mo sì ń wò ó. Lẹ́ẹ̀kan ní Ẹlẹ́kọ, mi ò tíì kà dé ọgọ́ta tí èèpo àgbọn mi fi gba iwájú kánópì mẹ́rin kọjá lọ sápá òsì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa gbé ọmọ. Mo bá fi ọ̀pá méjì sami sórí iyanrìn, mo ní kí ọmọ kankan má kọjá èkejì.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Omi tí ìgbì ń kó wá sókè gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà, ó sì máa ń gba ojú kan ṣoṣo lọ bí omi gọ́tà. Ẹ dúró síbi tó ga díẹ̀, kí ẹ wá ojú yẹn: àárín ìgbì tó ń fọ́ funfun, ẹ ó rí ibì kan tó dákẹ́, tó dúdú díẹ̀, tí ìgbì ò fọ́ níbẹ̀, tí ìhó tàbí pàǹtírí sì ń rìn lọ sínú òkun. Àlejò ló máa ń yan ibẹ̀, nítorí pé ó dàbí ibi tó rọ̀ jù. Òun gan-an ló ń gbé èèyàn lọ.

Bó bá gbé ẹnì kan, kó má bá a jà. Kò sẹ́ni tó lágbára tó láti lúwẹ̀ẹ́ kojú rẹ̀ padà. Kó fẹ̀yìn lé omi kó lè léfòó, kó na ọwọ́ sókè, kó sì máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kó máa bá etí òkun rìn títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀, kó tó máa bọ̀ nílẹ̀. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀, kó má bẹ́ sínú omi lọ́wọ́ òfìfo. Kó ju nǹkan tó ń léfòó sí i: kẹ́ẹ̀gì omi òfìfo tí ìdérí rẹ̀ wà lórí dára púpọ̀. Mo máa ń gbé méjì dání láti Adó, tí mo so okùn mọ́.

Ọtí dúró dìgbà tí gbogbo èèyàn bá ti jáde nínú omi. Jíǹsì ò wọ omi, ó máa ń wúwo bí òkúta. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ ka orí.

Ohun tí ẹ máa gbé dání ò pọ̀: omi mímu ju bí ẹ ṣe rò lọ, fìlà, aṣọ ìpààrọ̀, ọ̀rá tí ẹ máa fi wé fóònù nítorí iyọ̀, àti omi tútù sínú jálá kan tí ẹ máa fi ṣan ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì. Ti oúnjẹ, ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín. Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín ti ń ronú iyán. A gbé e lọ rí, nínú kúlà, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò. Ó ti gan kó tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun sì fẹ́ iyanrìn sí i, ọ̀gá wa kan ṣáà ń jẹ ẹ́ lọ, ó ní òun ò lè jẹ́ kí iyán Èkìtì ṣòfò nílẹ̀ onílẹ̀.